Ta ni ọkùnrin tí ó ṣe Ọ̀gbẹ́ni Takagi nínú Die Hard, ṣé lóòótọ́ ni pé akọrin ni tẹ́lẹ̀?

ỌmọKásẹ́ẹ̀tì béèrè pé:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Ìbéèrè kan ti wà lọ́kàn mi láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì mọ̀ pé àwọn tí ó mọ̀ nípa fíìmù àtijọ́ jù mí lọ kò wọ́n níbí.

Nígbà tí a wà ní kékeré, ẹ̀gbọ́n mi a máa yá kásẹ́ẹ̀tì fídíò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a ó sì wò ó ní àwòtúnwò kí a tó dá a padà fún onífídíò ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Die Hard, tí ó jáde ní 1988, wà lára àwọn tí a wò títí tí a fi mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa ṣe bí Bruce Willis kiri àgbàlá, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé iṣẹ́ Nakatomi, Ọ̀gbẹ́ni Takagi, ni kò kúrò lọ́kàn tèmi. Ẹ ó rántí ibi tí mo ń sọ. Olórí àwọn adigunjalè, tí Alan Rickman ṣe, ń rìn láàárín àwọn tí wọ́n kó ní ìgbèkùn, ó ń ka ìtàn ìgbésí ayé Takagi sókè: ìlú tí wọ́n ti bí i ní Jàpáànì, ọdún tí àwọn òbí rẹ̀ kó o wá sí California, àgọ́ Manzanar tí ìjọba Amẹ́ríkà kó wọn sí nígbà ogun, títí dé orí àwọn ilé ìwé gíga tí ó lọ. Takagi kò jẹ́ kí wọ́n fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó rí òun. Ó jáde fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú un wọ yàrá tí wọ́n sì ní kí ó sọ nọ́ńbà àṣírí tí yóò ṣí ibi ìṣúra, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n, pé bí ó bá jẹ́ pípa ni wọn yóò pa òun, kí wọ́n máa pa òun. Wọ́n sì pa á. Kò pariwo, kò sunkún, ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ gbọ̀n.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo fi fíìmù náà han ọmọbìnrin mi tí ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Ibi tí mo rò pé yóò ti ya ẹnu kọ́ ni ó ti yà á. Nígbà tí Takagi ń sọ̀rọ̀, ó ní, "Dádì, ta ni bàbá yìí? Ohùn rẹ̀ dà bí ohùn ẹni tí ń kọrin." Mo lọ wá orúkọ rẹ̀: James Shigeta, ọmọ tí wọ́n bí ní Honolulu, ní Hawaii. Mo sì rí i pé akọrin ni lóòótọ́ kí ó tó di òṣèré, àti pé ní nǹkan bí 1960 òun ni olú ẹ̀dá ìtàn nínú àwọn fíìmù ńláńlá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi là yé ni èyí: báwo ni akọrin tí ó jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn ní Hollywood ṣe di ẹni tí a ń pa kí fíìmù tó dé àárín? Ṣé ẹ̀bùn rẹ̀ ni kò tó ni, àbí nǹkan mìíràn ni?

TísàFẹ̀yìntì dáhùn pé:

Ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i pé ikú inú Die Hard nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ ọkùnrin yìí.

Ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 1929 ni wọ́n bí i. Ìran Jàpáànì ni àwọn òbí rẹ̀, òun sì ni ìran kẹta nínú ẹbí náà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó kàwé ní New York University, ṣùgbọ́n orin ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde fún ayé rí. Ní 1950, ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Original Amateur Hour tí Ted Mack jẹ́ atọ́kùn rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ìdíje tí gbogbo Amẹ́ríkà ń gbọ́ tí wọ́n sì ń wò nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó ń kọrin ní àwọn ilé ìgbafẹ́ alẹ́, orúkọ tí àwọn tí ń bá a wá iṣẹ́ sì fún un ni Guy Brion. Ẹ fi ọkàn sí orúkọ yẹn. Ọdún márùn-ún péré ni ogun tí Amẹ́ríkà bá Jàpáànì jà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, àwọn tí ń ta ohùn rẹ̀ kò sì rò pé ẹnikẹ́ni yóò san owó wọlé láti gbọ́ Shigeta. Wọ́n mú ohùn ọmọ náà, wọ́n fi orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ní ìwé, mo sì mọ bí ó ṣe máa ń rí lójú ọmọ tí wọ́n bá yí orúkọ rẹ̀ padà nítorí pé ó nira fún ẹlòmíràn láti pè.

Nígbà ogun Kòríà, ó wọ iṣẹ́ ológun lábẹ́ ẹ̀ka Marine, orin ni ó sì ń kọ fún àwọn ọmọ ogun níbẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn ogun, Toho, ilé iṣẹ́ fíìmù àti eré ìtàgé ní Jàpáànì, pè é kí ó wá kópa nínú eré olórin. Kò gbọ́ èdè Jàpáànì nígbà tí ó débẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Ó kọ́ ọ níbẹ̀, ó kọrin lórí ìtàgé, lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ó sì di gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Frank Sinatra ilẹ̀ Jàpáànì. Ibi tí ó wá yà mí lẹ́nu ni pé ó ní láti kọjá sí òdìkejì òkun kí wọ́n tó gbọ́ orin rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.

Ní 1959 ni Samuel Fuller fi í ṣe ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú The Crimson Kimono, fún ilé iṣẹ́ Columbia. Ọlọ́pàá méjì tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, ọ̀kan jẹ́ òyìnbó, ọ̀kan jẹ́ ọmọ Jàpáànì tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n jọ fẹ́ràn obìnrin òyìnbó kan ṣoṣo. Ọmọ Jàpáànì náà ni obìnrin náà yàn, wọ́n sì fi ẹnu ko ara wọn lẹ́nu ní gbangba kí fíìmù tó parí. Fuller fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà ní kí òun fi ìwà burúkú díẹ̀ sí ara òyìnbó inú ìtàn náà, kí àwọn tí ń wò ó lè rí ìdí tí obìnrin náà fi kọ̀ ọ́. Òun sì ní òun kò ṣe bẹ́ẹ̀, pé ènìyàn rere ni àwọn méjèèjì, ẹni tí obìnrin náà fẹ́ ni ó fẹ́. Títí di 1956, òfin tí àwọn ilé iṣẹ́ Hollywood fi de ara wọn kò gba kí wọ́n fi ìfẹ́ láàárín aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú hàn, wọ́n sì máa ń na òfin náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Éṣíà. Nítorí náà, ilẹ̀kùn tí Shigeta gbà wọlé yẹn kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ṣí i.

Ní 1960, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Golden Globe fún àwọn òṣèré ọkùnrin tuntun tí ọjọ́ iwájú wọn dára jù lọ. Òun, George Hamilton, Troy Donahue àti Barry Coe ni wọ́n jọ gbà á. Ní 1961 nìkan, fíìmù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ti jáde. Nínú Bridge to the Sun, òun ni òṣìṣẹ́ ìjọba Jàpáànì tí ó fẹ́ obìnrin Amẹ́ríkà, Carroll Baker sì ni ìyàwó rẹ̀. Nínú Flower Drum Song, òun ni Wang Ta, ọmọ ọlọ́rọ̀ ará Ṣáínà ní San Francisco tí bàbá rẹ̀ fẹ́ fẹ́ ìyàwó fún bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé, tí ọkàn tirẹ̀ sì wà níbòmíràn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbọ́ kí bàbá kan sọ pé "ọmọ ẹni tí a mọ̀ ni a ń fẹ́" yóò mọ ìtàn náà láti ojú ìwé kìn-ín-ní.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín. Ní 1966, ó padà sí Hawaii tí wọ́n ti bí i láti ya Paradise, Hawaiian Style, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ Elvis Presley ni wọ́n ní kí ó ṣe, Elvis ni ó kọ orin púpọ̀. Ó kópa nínú Lost Horizon ní 1973, nínú The Yakuza ní 1974, àti nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ eré tẹlifíṣọ̀n, Hawaii Five-O wà lára wọn. Kò sí ọdún tí ojú rẹ̀ pa rẹ́. Olú ẹ̀dá ìtàn ni kò jẹ́ mọ́.

Nípa ìbéèrè rẹ gan-an, ẹ̀bùn rẹ̀ tó. Ní ọdún 1961 kan náà tí ó ṣe olú ẹ̀dá ìtàn tí ó jẹ́ olólùfẹ́ nínú fíìmù méjì, Mickey Rooney, tí ó jẹ́ òyìnbó, fi eyín èké àti ojú tí wọ́n kùn ṣe ọmọ Jàpáànì aláriwo nínú Breakfast at Tiffany's, àwọn ènìyàn sì rẹ́rìn-ín sí i. Nínú ọjà tí wọ́n ti ń ta irú ẹrù yẹn, báwo ni ọkùnrin bí Shigeta yóò ṣe pẹ́ nídìí iṣẹ́ olólùfẹ́?

AráCalifornia dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ẹ̀kọ́ ni mo kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín, mo sì fara mọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀. Àlàyé kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un, nítorí mo ti ń gbé ní etí òkun yìí fún ọdún mẹ́rìnlá, mo sì ní ọ̀rẹ́ méjì tí ó jẹ́ ọmọ Hawaii tí wọn kì í fẹ́ kí a da ọ̀rọ̀ yìí pọ̀.

Ọmọ tí wọ́n bí sí Hawaii ni Shigeta, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Àwọn onílẹ̀ ń pe ara wọn ní Kanaka Maoli. Ìjọba tiwọn, pẹ̀lú ọba tiwọn, ni wọ́n ní títí àwọn oníṣòwò òyìnbó fi lé Ayaba Liliʻuokalani kúrò lórí ìtẹ́ ní 1893. Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ náà ní 1898, ó sì di ìpínlẹ̀ ní 1959, ọdún kan náà tí Crimson Kimono jáde. Oko ìrèké ni ó kó àwọn ará Ṣáínà, Jàpáànì, Potogí àti Filipíìnì wá síbẹ̀, irú àwọn ẹbí bíi ti Shigeta sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ ìran Jàpáànì fi ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ará Hawaii lọ nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìjọba kò fi lè kó gbogbo wọn sí àgọ́ bí wọ́n ti ṣe fún àwọn tí ó wà ní California. Àgọ́ Manzanar tí wọ́n dárúkọ mọ́ Takagi lára jẹ́ òtítọ́ gidi, ṣùgbọ́n ìtàn àwọn ará California ni, kì í ṣe ti Honolulu tí Shigeta ti wá.

Tí ẹ bá ń wá olórin tí ó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ Hawaii tí ó sì di òṣèré, ẹ wo Hilo Hattie. Clarissa Haili ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ní Honolulu, ní 1901. Tísà ni òun náà, Mà, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Waipahu kí orin àti ijó hula aláwàdà tó gbé e lọ. Ẹgbẹ́ olórin Harry Owens ni ó bá rìn káàkiri Amẹ́ríkà, ó sì bá wọn dé inú Song of the Islands ní 1942, níbi tí Betty Grable, òyìnbó onírun wúrà, ti jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn tí ó wọ aṣọ koríko. Hilo Hattie wà nínú Blue Hawaii ti Elvis ní 1961 pẹ̀lú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Gilbert Kauhi tí gbogbo ayé mọ̀ sí Zulu, ọmọ ìlú Hilo, olórin àti aláwàdà ní etíkun Waikiki. Òun ni ó ṣe ọlọ́pàá Kono nínú Hawaii Five-O láti 1968 sí 1972. Ibẹ̀ ni gbogbo ayé ti mọ ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n orin àti àwàdà ló fi ń jẹun kí ó tó débẹ̀, ìdí wọn ni ó sì padà sí lẹ́yìn rẹ̀. Ní Hilo ni ó kú sí ní 2004.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ bí orin Hawaii ti rìn jìnnà tó, ẹ tẹ́tí sí gìtá tí ń fà bí ẹni ń sunkún nínú jùjú King Sunny Adé, èyí tí Demọ́lá Adépọ̀jù ń tẹ̀. Àtọmọdọ́mọ gìtá onírin tí Joseph Kekuku dá sílẹ̀ ní Hawaii ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni. Orin àwọn ènìyàn yìí dé ọ̀dọ̀ wa nílé. Àwọn fúnra wọn ni Hollywood fi sí ẹ̀yìn Betty Grable.

OlùdaríẸgbẹ́Akọrin dáhùn pé:

Ẹ jọ̀wọ́, mo ní èrò tí ó yàtọ̀ díẹ̀, mo sì fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́.

Mo gbà pé ẹ̀tanú wà. Ṣùgbọ́n nǹkan kejì wà tí Ìyá wa kò mẹ́nu bà. Shigeta dé Hollywood ní ìparí àsìkò fíìmù olórin. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé lẹ́yìn Flower Drum Song, àwọn fíìmù ńlá tí wọ́n ń kọrin nínú wọn ti ń pa ilé iṣẹ́ lówó, wọ́n sì ń fi wọ́n sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ akọrin òyìnbó pàápàá pàdánù iṣẹ́ nígbà náà. Ọkùnrin tí ó kọ́ iṣẹ́ orin fún ọdún mẹ́wàá dé ọjà nígbà tí àwọn aláte ti ń palẹ̀ mọ́.

Ohun tí ó sì mú mi kọ̀wé gan-an ni ohun tí ọmọ arákùnrin wa sọ nípa ohùn rẹ̀. Ọmọ náà ní etí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ohun tí ó sì ṣòro jù láti kọ́ akọrin ni bí a ṣe ń parí gbólóhùn. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ yóò fa gbogbo èémí rẹ̀ tán ní àárín ọ̀rọ̀, ìparí yóò sì já lulẹ̀. Ẹ tún ibi ikú Takagi wò, ṣùgbọ́n ẹ di ojú yín, ẹ gbọ́ ọ. Nígbà tí ó sọ fún wọn pé kí wọ́n máa pa òun, ohùn rẹ̀ kò gòkè. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì pé títí dé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, bí ẹni tí ó ṣì ní èémí púpọ̀ nípamọ́. Ẹ̀rù ń ba ọkùnrin náà, a rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ kò ṣàn dànù. Ní ilé ìgbafẹ́ alẹ́ ni a ti ń kọ́ irú ìyẹn, níwájú àwọn tí ń jẹun tí wọn kò tíì pinnu bóyá wọn yóò gbọ́ ọ.

Nínú Flower Drum Song, ohùn rẹ̀ gan-an ni ẹ ń gbọ́. Nancy Kwan kò kọ orin tirẹ̀ fúnra rẹ̀, B. J. Baker ni ó bá a kọ ọ́. Ní 1976, nínú Midway, fíìmù nípa ogun ojú omi tí Amẹ́ríkà bá Jàpáànì jà, wọ́n fi ohùn òṣèré Amẹ́ríkà kan, Paul Frees, bo ohùn Toshiro Mifune tí ó ṣe Ọ̀gágun Yamamoto, Mifune tí ó tóbi jù lọ nínú gbogbo òṣèré Jàpáànì nígbà náà. Shigeta ni Ọ̀gágun Nagumo nínú fíìmù kan náà, ohùn tirẹ̀ ni ó sì fi sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà ní 1950. Kò sí ẹni tí ó rí ohùn rẹ̀ yí padà.

Nítorí náà, èmi kò lè pè é ní ẹni tí ó jábọ́. Nígbà tí iṣẹ́ orin tán, ó gbé ohun tí orin kọ́ ọ wọ inú ipa kékeré, ó sì fi í ṣe iṣẹ́ fún ogójì ọdún sí i.

TísàFẹ̀yìntì dáhùn pé:

Olùdarí, mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ ohùn yẹn wọ̀ mí lára, mo sì ti padà lọ gbọ́ ọ bí ẹ ṣe wí. Òtítọ́ ni.

Ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ fíìmù olórin gbé gbogbo ẹrù náà. Ẹ rántí ọlọ́pàá òyìnbó tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú The Crimson Kimono. Glenn Corbett ni, fíìmù náà sì ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àwọn méjèèjì ní Hollywood, ọjọ́ kan náà, ìtàn kan náà, ipa tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kò kọrin rárá. Ní 1963, wọ́n mú Corbett wọ eré tẹlifíṣọ̀n Route 66 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn olú ẹ̀dá ìtàn méjì tí gbogbo Amẹ́ríkà ń wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Shigeta tí ó ti gba ẹ̀bùn Golden Globe, tí ó ti bá Carroll Baker ṣeré, tí ó ti kọ orin Rodgers àti Hammerstein, àwọn tí ó ṣe orin inú Flower Drum Song, àlejò ni wọ́n ń pè é láti wá ṣe nínú eré àwọn ẹlòmíràn. Kì í ṣe àìsí orin ni ó fa ìyẹn. Àti pé lẹ́yìn Flower Drum Song ti 1961, títí di The Joy Luck Club ní 1993, kò sí ilé iṣẹ́ ńlá Hollywood kan tí ó tún ṣe fíìmù ìgbà tiwa tí ó kún fún àwọn ọmọ Éṣíà Amẹ́ríkà bẹ́ẹ̀. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n nìyẹn. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Shigeta nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta nígbà tí ó parí.

Ọ̀rọ̀ Midway tí ẹ mú wá, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un. Nagumo ni ọ̀gágun tí ó darí ọkọ̀ ojú omi Jàpáànì tí ọkọ̀ òfuurufú wọn ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1941. Pearl Harbor kò jìnnà sí Honolulu rárá. Ọmọ ọdún méjìlá ni Shigeta ní ọjọ́ náà. Nígbà tí ó di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta sí mẹ́tàdínláàádọ́ta, Hollywood wọ aṣọ ẹni tí ó fọ́ ìlú ìbí rẹ̀ fún un. Ó wọ̀ ọ́, kò fi ṣe ẹranko, kò fi ṣe ẹni yẹ̀yẹ́. Ẹ wo ojú rẹ̀ nígbà tí ó ní láti pinnu bóyá kí wọ́n yí bọ́ǹbù àwọn ọkọ̀ òfuurufú padà, tí àkókò sì ń lọ: ọkùnrin tí ó ń ṣírò, tí ó mọ̀ pé ìṣirò òun lè má jáde. Bí mo bá fẹ́ kí ọmọdé mọ ohun tí òṣèré lè ṣe nínú ipa tí kì í ṣe ti olú ẹ̀dá ìtàn, ibẹ̀ ni n ó fi hàn án kí n tó fi Die Hard hàn án.

AráCalifornia dáhùn pé:

Mo fara mọ́ yín lórí ti Corbett, Mà. N kò tíì ronú bẹ́ẹ̀ rí.

Fún ẹni tí ó béèrè: tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, òun ni ohùn Ọ̀gágun Li, bàbá Shang, nínú Mulan ti 1998. Ipa náà kúrú, nítorí ọ̀gágun náà kú sójú ogun, ṣùgbọ́n ẹ ó dá ohùn náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó tún wà nínú Brother tí Takeshi Kitano yà ní Los Angeles, èyí tí ó jáde ní 2000. Ní oṣù Keje ọdún 2014 ni ó kú, ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún.

ỌmọKásẹ́ẹ̀tì kọ pé:

N kò mọ bí n ó ṣe dúpẹ́. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ fún ọmọbìnrin mi ní alẹ́ àná, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí Olùdarí ti sọ̀rọ̀ nípa èémí, ó ní kí n dúró, ó gbé fíìmù náà síbẹ̀, ó di ojú rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mulan tí AráCalifornia dárúkọ, ó ti wò ó láti ìgbà tí ó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni.

Ìbéèrè mi ni mo rò pé ó kéré nígbà tí mo kọ ọ́. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rò pé wọ́n kàn rí ọkùnrin kan tí ó dára ní ojú tí ó lè wọ kóòtù ni, wọ́n ní kí ó wá kú níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. N kò mọ̀ pé ẹni tí ó ti kọrin fún orílẹ̀-èdè méjì ni ó jókòó sórí àga yẹn.

A ti rí Flower Drum Song. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a ó wò ó, èmi, ọmọ náà, ìyá rẹ̀, àti ẹ̀gbọ́n mi tí ó máa ń yá kásẹ́ẹ̀tì nígbà náà, tí yóò wá láti Òṣogbo. Ọmọ náà ti bi mí léèrè bóyá wọn yóò pa á nínú ìyẹn náà. Mo ní rárá, pé ìyàwó ni yóò fẹ́.